Ife Tíì Kan ní Àgọ́ Ọlọ́pàá

                                        Ilé Hallissey,
                                        Glounreagh,
                                        Àgbègbè Cork,
                                        Ireland.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2019.

Cathal, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara? Báwo ni oòrùn Australia tó ń sun yín lẹ́yìn ọrùn? Ṣé ìka rẹ tí ẹ̀rọ ibi ìwakùsà fún ti jinná, àbí ọwọ́ kan lo ṣì fi ń wọ bàtà? Imelda ńkọ́, ṣé oyún náà kò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́? Sọ fún un pé màmá mi ń hun fìlà kékeré kan fún ọmọ tó ń bọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ burú gan-an, ṣùgbọ́n kí ó gbà á, kí ó sì dúpẹ́. Ara gbogbo wa le níhìn-ín. Orúnkún màmá mi ṣì máa ń kìlọ̀ fún wọn pé òjò ń bọ̀, bí ẹni pé òjò lọ síbì kankan rí ní Glounreagh. Ajá rẹ ti darúgbó, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, síbẹ̀ kò sí àlejò tó lè kọjá níwájú rẹ̀ kó má gbó.

Mo mọ̀ pé o ti ń bi ara rẹ léèrè ohun tó mú èmi Fiachra, ẹni tí ọ̀gá ilé ìwé wa máa ń sọ pé ó yá a lára láti gbẹ́ kòtò ju kí ó kọ ojú ìwé kan lọ, tí mo fi jókòó ti bírò. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni. Má fò sókè. Wọn kò kú, wọn kò sì ṣàìsàn. Ẹjọ́ ni wọ́n ní, ẹjọ́ náà sì ti parí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Láti oṣù Kẹfà ló ti wà nílẹ̀. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ọ kí ó tó parí, kí olúwarẹ̀ má tẹ àgbàlá àwọn mọ́. O mọ̀ mí, n kì í gbọ́ràn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹjọ́ parí, mo bi wọ́n bóyá mo lè kọ̀wé sí ọ báyìí. Wọ́n ní, “Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí o bá máa kọ ọ́, kọ gbogbo ẹ̀, àti èyí tí kò dáa.” Nítorí náà, gbogbo ẹ̀ nìyí.

Nonie Cotter ló kú ní oṣù Kẹfà, ìyá àgbà tó máa ń fún wa ní búrẹ́dì gbígbóná nígbà tí a bá ń ti ilé ìwé bọ̀. A ṣe àìsùn òkú rẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Àwọn obìnrin wà lọ́dọ̀ òkú, àwọn ọkùnrin wà ní ilé ìdáná, èmi tí mo kéré jù nínú wọn ni mo ń rọ ọtí. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ ìtàn kan nípa Nonie, a ó mu ún sí i. Bàbá rẹ sì mọ ìtàn Nonie ju gbogbo wa lọ. Ife wisikí méje ni wọ́n mu. Ọwọ́ mi ni mo fi rọ ọ́, nítorí náà mo mọ iye rẹ̀. Wọ́n lọ sílé, wọ́n sùn fún wákàtí mẹ́rin, wọ́n jí, wọ́n bọ́jú, wọ́n jẹ ẹyin méjì, wọ́n sì lọ gbé tánkà wàrà bí ìṣe wọn. Ìwọ náà mọ ohun tí a gbà gbọ́ níhìn-ín: ẹni tó bá ti sùn, tó sì ti jẹ ẹyin, ọtí ti tán lára rẹ̀.

Ní orí afárá ni ọlọ́pàá tuntun kan ti dá wọn dúró. Ronan Tuite ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Longford. O kò mọ̀ ọ́n, o ti lọ kí ó tó dé. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti fún àlùfáà ní ìwé ìtanràn nítorí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó kú, ó sì ti sọ fún Timmy Cotter pé kí ó gbé ajá rẹ̀ kúrò lórí ìjókòó iwájú ọkọ̀. Ó ní kí bàbá rẹ fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ kékeré, ẹ̀rọ náà sì sọ ohun tí kò yẹ. Ó fi wọ́n sínú ọkọ̀, ó gbé wọn lọ sí àgọ́ ní Kilvarna, ó fi tánkà sílẹ̀ lórí afárá pẹ̀lú wàrà oko mẹ́fà nínú rẹ̀. Ní àgọ́, wọ́n tún fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ ńlá, èyí tí ilé ẹjọ́ máa ń gbà, òun náà sì sọ pé ọtí wà lára wọn, pé ó pọ̀.

Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé wọ́n lè gba ìwé ìwakọ̀ bàbá rẹ fún ọdún méjì. Ẹgbẹ́ onímàlúù tó gbà wọ́n síṣẹ́ sọ pé àwọn á dúró de ìdájọ́, ṣùgbọ́n bí ìwé bá lọ, iṣẹ́ ti lọ. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn láti ọmọ ogún ọdún! Láti ìgbà náà ni ọmọkùnrin kan láti Millstreet ti ń wa tánkà wọn. Ó máa ń ha ògiri ẹnu ọ̀nà wa lójoojúmọ́. Bàbá rẹ á jókòó sí ojú fèrèsé, wọ́n á gbọ́ ìró tánkà, wọn kò ní sọ nǹkan kan. Màmá rẹ ní àwọn ì bá fẹ́ kí wọ́n máa bú èèyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́yà tí a gbà ni Úna Crimmins, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń wọ bàtà òjò wọ ilé ẹjọ́. Mo lọ bá a. Mo sọ fún un pé èmi wà níbi àìsùn, èmi ni mo rọ ọtí, ife méjì péré ni bàbá rẹ sì mu. Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Àgídí mi ni. Ó wò mí pẹ́, ó ní, “Ife méjì?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n wá jókòó sí ẹ̀yìn òun lọ́jọ́ ẹjọ́, bí òun bá nílò mi, òun á pè mí. Mo sọ fún bàbá rẹ. Wọn kò sọ pé kí n má ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣe dé. Ìdajì Glounreagh ló wà nínú ilé ẹjọ́. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Timmy Cotter rí Tuite tó dúró ní òun nìkan pẹ̀lú fìlà lábẹ́ apá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu.

“Ọmọ Longford, kí ni wọ́n ń fún yín jẹ níbẹ̀ tí ẹ kì í fi rẹ́rìn-ín?”

Tuite ní, “Ọ̀dùnkún ni, bíi ti yín. Ajá yín ńkọ́?”

“Ó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ní kí n kí ọ.”

Àwa rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè wo ojú rẹ̀.

Obìnrin ni adájọ́, Devane ni wọ́n ń pè é, àgbà tí irun rẹ̀ ti funfun. Ohùn rẹ̀ kò ga, gbogbo èèyàn sì dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Tuite gòkè, ó búra, ó ṣí ìwé kékeré rẹ̀, ó ka gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀: afárá, aago mẹ́fà kọjá, ẹ̀rọ kékeré, àgọ́. Ó wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Òfin ni pé kí èèyàn tó fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ ńlá, ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ máa wò ó fún ogún ìṣẹ́jú gbáko, kí ó má baà fi nǹkan kan sẹ́nu, nítorí pé ohun tó bá wọ ẹnu lè mú kí ẹ̀rọ parọ́. Tuite kà á jáde pé òun wo bàbá rẹ láti aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún títí di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń ṣe ẹjọ́ fún Ìjọba jókòó padà bí ẹni tó ti jẹun yó. Ọkàn mi sọ fún mi pé ó ti parí, pé ó ku èmi àti ife méjì mi.

Úna Crimmins dìde. Ó fi ọwọ́ lé bébà kan lórí tábìlì, kò sì gbé e sókè. Láti ibi tí mo wà, mo rí ìkọ̀wé tó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gòkè búra kò lè rí i. Ìkọ̀wé Sájẹ́ǹtì Batt Scannell ni, ẹ̀dà ojú ìwé kan láti inú ìwé àgọ́ Kilvarna. O mọ Batt. Kò sí ẹni tó jókòó ní àgọ́ rẹ̀ láì mu tíì, olè àgùntàn pàápàá mu tirẹ̀. O sì mọ̀ pé gbogbo ohun tí Batt bá ṣe ló máa ń kọ sínú ìwé àgọ́, títí kan ẹyẹ tó bá bà sójú fèrèsé. Lọ́jọ́ náà ó gbé ife tíì kan fún bàbá rẹ láàárín ogún ìṣẹ́jú yẹn, ó gbé e kalẹ̀, fóònù dún, ó lọ gbé e. Ó kọ ọ́ pé òun fún un ní tíì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò sí nínú ìwé kankan.

Úna kò dárúkọ tíì. Ó kàn bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ogún ìṣẹ́jú gbáko?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀?”

Cathal, níbí ni mo fẹ́ kí o fi ara balẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn kò mọ̀ pé bébà náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá lọ́jọ́ náà àfi òun àti bàbá rẹ. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ta ni yóò jà á níyàn? Ọ̀gá rẹ̀ jókòó níwájú rẹ̀, ó ń mi orí sí i díẹ̀díẹ̀. Tuite wo ìwé kékeré rẹ̀. Ó pa á dé. Òjò ń rọ̀ lórí páànù.

Ó ní, “Rárá. Mo lọ mú wàrà.”

Adájọ́ gbé orí sókè. Ó ní, “Wàrà wo?”

Ó wá sọ ọ́. Ó ní sájẹ́ǹtì gbé tíì wá láìsí wàrà nínú rẹ̀, ó sì lọ. Ó ní bàbá rẹ wo inú ife náà, òun sì rí i lójú wọn pé wàrà ni wọ́n ń wá. Ó ní nílé àwọn, a kì í gbé tíì dúdú síwájú àgbàlagbà kí a máa wò ó. Ó dìde láti lọ mú wàrà. Ó ní òun kò kọ ọ́ nítorí pé kò jọ òun lójú nígbà náà, pé ìgbà tí wọ́n bi òun ní báyìí ni òun mọ̀ pé ó tó nǹkan.

Adájọ́ bi í níbo ni fíríìjì wà. Ó ní ó wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Adájọ́ bi í pé báwo ló ṣe jìnnà tó. Tuite ní òun kò mọ̀, bóyá ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Adájọ́ ní, “Ẹ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ rìn ín fún mi. Kí ẹ má yára, kí ẹ má sì fà á. Bí ẹ ṣe rìn ín lọ́jọ́ náà ni.” Ó sọ fún akọ̀wé pé kí ó wo aago.

Tuite bọ́ sílẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn sí bàbá rẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín wa. Bàtà rẹ̀ ń dún lórí pákó. Gbogbo wa ń kà á nínú ọkàn wa, mo rí ètè Timmy Cotter tó ń mì. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá. Ó dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó na ọwọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì tí kò sí níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú wàrà, ó ti ilẹ̀kùn, ó padà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ayé mi, n kò rí ibi tí àwọn èèyàn ti dákẹ́ báyẹn rí. Ọkùnrin kan ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tú ẹjọ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì, kò sì dín ìṣísẹ̀ kan kù. Akọ̀wé ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Adájọ́ bi í pé nígbà tó padà, báwo ni tíì ṣe wà nínú ife. Ó ní ó dé ìdajì. Adájọ́ ní, “Nígbà tí ẹ fi í sílẹ̀ ńkọ́?”

Ó ní, “Mi ò wò ó, Adájọ́.” Ó tún ronú, ó ní, “Ṣùgbọ́n Sájẹ́ǹtì Scannell kì í rọ ìdajì ife fún èèyàn.”

Ìgbà yẹn ni àwọn kan rẹ́rìn-ín, adájọ́ sì jẹ́ kí wọ́n rín in tán.

Ọ̀gá ọlọ́pàá náà dìde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní kí ni ìdajì ìṣẹ́jú, ta ni yóò rí ọtí mu ní àgọ́ ọlọ́pàá, tíì kò sì pa ẹnikẹ́ni rí. Kò purọ́. Èmi gan-an ì bá gbà fún un. Adájọ́ gbọ́ ọ tán. Ó ní òun kò sọ pé ọkùnrin yìí kò mutí. Ó ní òun kò sì rí ẹni tó sọ òtítọ́ ní gbọ̀ngàn yìí láti ọdún yìí wá tó ọlọ́pàá tó dúró níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rọ ni ó ń fẹ̀sùn kan ọkùnrin yìí, ẹ̀rọ kì í búra, a kò sì lè bi í léèrè, ohun kan ṣoṣo tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ rẹ̀ ni ogún ìṣẹ́jú yẹn. Ó wá ní, “Ogún ni òfin ní kí ẹ mú wá. Ẹ kò mú un pé. N kò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lápò tí mo lè fi bá Ìjọba dí i.”

Ó da ẹjọ́ náà nù. Kí bàbá rẹ tó lè dìde, ó tún pè wọ́n ní orúkọ. Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni Hallissey, ẹ má lọ sí ilé ọtí lọ sọ pé ilé ẹjọ́ ní ẹ kò mutí. Ilé ẹjọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀.” Bàbá rẹ ní àwọn kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ti ń ronú lórí rẹ̀ láti ọjọ́ náà, kò sì tíì tán nínú mi. Bàbá rẹ kì í ṣe ọlọ́lá. Awakọ̀ wàrà ni wọ́n, èèyàn Glounreagh. Síbẹ̀ gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn jókòó, wọ́n dá iṣẹ́ wọn dúró, wọ́n ń ka ìṣísẹ̀ ẹsẹ̀ ẹnì kan nítorí tiwọn. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Mo rí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹnì kan rà á, tó sì mọ̀ pé àdánù ni fún òun. Tuite wọ fìlà rẹ̀, ó gba àárín wa kọjá. Timmy Cotter ṣí ilẹ̀kùn fún un. Kò sọ nǹkan kan nípa ajá.

Èyí tó kù ni èyí tí kò dáa, mo sì ti ṣèlérí láti kọ ọ́. Úna Crimmins kò pè mí. Ní ìta, lábẹ́ òrùlé níbi tí a ti ń dúró de kí òjò dá, bàbá rẹ fà mí sápá kan. Wọ́n ní, “Ká ní ó pè ọ́, kí lo máa sọ?”

Mo lè sọ pé méjì. Ẹjọ́ ti tán, kò ná mi ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọkùnrin kan tí kò ju mí lọ lọ́jọ́ orí tó rin ìṣísẹ̀ mọ́kànlá. Mo ní, “Méje, Bàbá. Láti ìgbà tí ọlọ́pàá yẹn ti dé ibi wàrà ni mo ti mọ̀ pé tí wọ́n bá pè mí, méje ni màá sọ.”

Wọ́n wò mí bí ìgbà tí èèyàn ń wo màlúù tó fẹ́ rà. “Wàá bà mí jẹ́ nìyẹn.”

Mo ní, “Màá bà yín jẹ́.”

A délé. Màmá rẹ ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹkún àti ẹ̀rín ń jà lójú wọn, àwọn ará ilé ti kún. Bàbá rẹ kò jókòó. Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wọn látinú àpò, wọ́n gbé e sí iwájú mi lórí tábìlì níṣojú gbogbo ènìyàn, wọ́n ní, “Ọjọ́ Ajé ni mo ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí ìwọ ọmọ yìí lọ kọ́ ọkọ̀ ńlá. Ọjọ́kọ́jọ́ tí mo bá lọ síbi àìsùn òkú ní àgbègbè yìí, ìwọ lo máa gbé tánkà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Tí mo bá ní mo lè wà á, ìwọ ni kí o sọ iye tí mo mu fún mi, nítorí èmi náà á parọ́ fún ara mi.” Wọ́n wá jókòó, wọ́n sì jẹun.

Mo ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ mi jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọkùnrin tó máa kọ́ mi sì ní ohùn bíi ti màlúù tó há sínú kòtò.

Bá mi kí Imelda dáadáa. Kí àwọn ọmọ Kerry tí ẹ jọ ń gbé ilé, sọ fún wọn pé a nà wọ́n nínú bọ́ọ̀lù, bí wọ́n bá ń díbọ́n pé àwọn kò gbọ́. Màmá rẹ ní kí o máa wọ fìlà nínú oòrùn. Bàbá rẹ kò rán mi ní iṣẹ́ kankan, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọjá lẹ́yìn mi lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà tí mo ti ń kọ ìwé yìí, wọ́n sì ń díbọ́n bí ẹni pé ìgbálẹ̀ ni àwọn ń wá. Pè wọ́n tí o bá ti kà á tán. Má bi wọ́n léèrè nǹkan kan. Ṣáà jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ.

Èmi ni ìbátan rẹ tí kò gbọ́n, tí kò sì ní fi ọ́ sílẹ̀,

Fiachra Hallissey.